Bí mo ṣe ń jí rélùwéè àfiṣeré tó ti kú dìde

Aago ni iṣẹ́ mi. Aago ọwọ́, aago ara ògiri, rédíò, fáànù orí tábìlì, ohunkóhun tí irin kékeré bá ti ń yí nínú rẹ̀. Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nídìí títì Táíwò, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí fèrè rélùwéè ti ń jí wa kí àkùkọ tó kọ. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí Àlhájà kan gbé páálí wọlé, tó tú ìró tó fi wé e, tó sì gbé ọkọ̀ ojú irin kan jáde tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

"Bàbá Alágogo, ọkọ mi ló rà á bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1979. Ọmọ ọmọ mi gbé e sórí irin lánàá, ó kàn ń kùn bí oyin ni, kò sún rárá. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù."

Mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù. Ohun tó bá ṣì ń kùn kò tíì kú.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi, láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, láti Ajáṣẹ́-Ìpo, ohun tí bàbá wọn kó bọ̀ láti òkè òkun tó sì ti wà lórí àjà fún ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti kọ́kọ́ dá mótò lẹ́bi. Mótò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sọ́jà o. Ẹ̀rọ kékeré tí iná ń yí ni. Wọ́n á tú u, wọ́n á já wáyà inú rẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí, ohun tí à bá fi wákàtí kan tún ṣe á wá di òkú tòótọ́. Mótò kì í sábà jẹ̀bi. Agbára ń jáde lára rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ti ń ṣòfò kó tó dé ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi kan mótò.

Kí ẹ tó mú sukurudíráfà

Ojú irin àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ̀ ní 16.5 mìlímítà. Ti Ọ̀fà, èyí tí wọ́n là láti Èkó lọ sí Kánò, 1,067 ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe tiwọn ní ìdá kan nínú 76 ọkọ̀ gidi, àwọn Amẹ́ríkà àti Jámánì ní ìdá kan nínú 87, orí irin kan náà sì ni gbogbo wọn ń rìn. Ẹ fi 16.5 ìlọ́po 76, ẹ ó rí 1,254, bẹ́ẹ̀ 1,435 ni ojú irin gidi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ àfiṣeré tiwọn ń rìn lórí irin tó há jù fún un. Bàbá mi ì bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Iná 12 fólítì, irú ti bátìrì, ló ń wá láti ara irin. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gbà á, ahọ́n bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ha ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á gbé e lọ fún mótò. Ẹ má tètè ki kọntirólà tó bá ọkọ̀ wá bọ iná ilé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ ná. Ọmọ dókítà kan gbé ọkọ̀ dé láti Amẹ́ríkà, 120 ni wọ́n kọ sídìí kọntirólà rẹ̀. Èmi àgbà ò wò, mo ki í bọ iná 240 tiwa. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, èéfín ti gba ṣọ́ọ̀bù. Owó ara mi ni mo fi san án.

Láti ọjọ́ yẹn, bátìrì ọ̀kadà ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Mo gba gílóòbù tírafíkétọ̀ ọ̀kadà, 12 fólítì, 10 wáàtì, mo fi sí ojú ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì, kí iná tó ń lọ sínú ọkọ̀ máa gba inú gílóòbù kọjá. Gílóòbù yìí ni ojú mi. Bó bá tàn gbòò tí ọkọ̀ ò mira, wáyà méjì ti fara kanra níbì kan, gílóòbù náà ni kò sì jẹ́ kí ohunkóhun jó. Bí gílóòbù bá dúdú tí ọkọ̀ sì dákẹ́, iná ò dé mótò: ẹ nu ẹsẹ̀, ẹ wo ahọ́n bàbà. Bó bá pọ́n fẹ́rẹ́ tí mótò ń kùn, ara mótò dá. Bó bá wá ń tàn, tó ń ṣú, tó ń tàn, tó ń ṣú bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí, ibì kan ń há.

Ti Àlhájà pọ́n fẹ́rẹ́. Mótò ń yí gan-an. Ẹsẹ̀ dúró bí òpó.

Ẹsẹ̀

Ẹ dojú ọkọ̀ délẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ ká. Àwọn tí wọ́n ṣe ní àwòṣe ọkọ̀ tó ń fi èéfín rìn sábà máa ń ní gíà méjì péré: ọ̀kan wà lẹ́nu mótò, ó lọ́ bí ojú súkúrú, mo ń pè é ní gíà onísúkúrú; èkejì yíká ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ọ̀pá pẹlẹbẹ tó wà lóde ló ń gbé ìyípo náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹsẹ̀ yòókù.

Ẹ fi ìka mi ẹsẹ̀ náà. Ẹ má fi tipá yí i. Gíà onísúkúrú lè yí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò lè yí gíà onísúkúrú. Bí ẹ bá fi agbára kún un, eyín gíà ló máa ṣẹ́. Ó yẹ kó mì díẹ̀ síwá, díẹ̀ sẹ́yìn, kó sì dúró. Bí kò bá mì rárá, gíríìsì ti gan níbẹ̀. Bó bá mì púpọ̀, eyín ti jẹ. Bó bá yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ohun tó dá a dúró, bí ti Àlhájà ṣe ṣe, gíà méjèèjì ò fara kanra mọ́ nìyẹn.

Gíríìsì ogójì ọdún kì í ṣe gíríìsì mọ́. Ó ti pọ́n, ó ti le, ó dà bí ìdọ̀tí inú etí. Eruku pupa tiwa tó ń fẹ́ lásìkò ọyẹ́ á sì wá dà pọ̀ mọ́ ọn, yóò máa jẹ eyín gíà bí ayùn. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti igi ìtayín tó fún un. Ẹ má lo pẹtiróòlù, ẹ má lo tínà. Ẹnì kan fi tínà fọ ara ọkọ̀ kó tó gbé e wá bá mi. Ike náà ti yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn, ojú fèrèsé rẹ̀ ti dì pọ̀. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn.

Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, tí ẹ rí i pé irin ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wú, tó ti sán wẹ́wẹ́ bí amọ̀ gbígbẹ, ẹ kó owó yín padà sápò. Síǹkì tí òjé díẹ̀ wọ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní oògùn.

Gíà tó sán

Ibí ni mo ti fẹ́ jókòó díẹ̀, nítorí òun ló ń tan èèyàn jù.

Ọkọ̀ ọmọ dókítà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, àwòṣe ọkọ̀ díísù ni. Tirẹ̀ yàtọ̀: mótò wà láàárín, ọ̀pá kan jáde síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, àpótí gíà wà lórí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó ń lọ, àmọ́ bó ṣe ń lọ ló ń tiro. Tá… tá… tá… Kò kánjú, kò sì yẹ̀. Mo dúró tì í, mo fi kútẹ́ẹ̀sì ọmọbìnrin mi tọ́ ẹsẹ̀ kan, mo ń wò ó. Ìgbàkígbà tí àmì pupa bá yí dókè ni ó ń dún tá. Ohun tó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìyípo ẹsẹ̀ kan, ara ọ̀pá ẹsẹ̀ ló wà. Bó bá jẹ́ mótò ni, á dún lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Mo yọ ọ̀pá náà, mo fi awò alágogo wò ó. Láàárín eyín méjì, nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Gíà ike ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ki í mọ́ ọ̀pá irin tó sanra ju ihò rẹ̀ lọ díẹ̀, kó lè di irin náà mú. Láti ọjọ́ yẹn ni ike ti ń na ara rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ike ń sún kì, irin ò sún kì, títí ó fi sán bí igbá tó gbẹ jù. Ojú sísán yẹn ti eyín méjì jìnnà síra wọn, gíà tó kàn ò wá rí àyè wọ ibẹ̀. Òun ló ń dún tá.

Mẹ́rin ni gíà tó wà lára àwọn ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́ta ló ti sán. Mo ní kó jẹ́ kí á pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ìkẹrin dá. Oṣù kejì ló gbé e padà. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n, ike kan náà. Bí ọ̀kan bá ti lọ, àwọn yòókù wà lọ́nà.

Ẹ má fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì dá a padà. Mo ti ṣe é, kò yí irin po lẹ́ẹ̀mejì tó fi tú. Ike náà ń yọ̀, gọ́ọ̀mù yẹn kì í mú un, ohun tó fà á ya ṣì ń fà á. Bí gíà tuntun bá jìnnà, ọgbọ́n kan wà tó lè gbé e fún ìgbà kan. Ẹ yọ gíà, ẹ fi fáìlì yíyípo tó kéré jù ha inú ihò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bákan náà yíká, títí yóò fi wọ ọ̀pá láìjẹ́ pé ẹ tì í. Nígbà náà ojú sísán á padé fúnra rẹ̀. Ẹ fi sáńpéépà ha ara ọ̀pá kó má dán mọ́, ẹ fi sípíríìtì nu méjèèjì, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù oníbejì, èyí tí à ń po méjì pọ̀, tó bí orí abẹ́rẹ́, dì í mú. Kò gbọdọ̀ kan eyín. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kì í ṣe wákàtí kan tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Wíwá gíà tuntun

Bí ẹ bá mọ orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi kì í dúró tìyẹn. Nínú mọ́tò àfiṣeré ọmọdé tó ti bàjẹ́ àti nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti tú, gíà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó le ni mímọ èyí tó bára mu, ìṣirò kan sì wà fún un tí kò gba ju kálípà, irin ìwọ̀n tó ń fi ẹnu méjì gbá nǹkan mú, àti ojú lọ.

Ẹ ka eyín gíà àtijọ́. Ẹ fi kálípà wọn bó ṣe fẹ̀ láti orí eyín dé orí eyín tó kọjú sí i. Ẹ fi méjì kún iye eyín, kí ẹ fi pín ìbú náà. Bí eyín bá jẹ́ 16, tí ìbú jẹ́ 9 mìlímítà: 16 àti 2 jẹ́ 18, 9 pín sí 18 jẹ́ 0.5. Ìwọ̀n eyín rẹ̀ ni 0.5 yẹn, òun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ohun ìṣeré. Gíà kò lè bá òmíràn jẹun bí ìwọ̀n eyín wọn ò bá dọ́gba, kódà bí ojú bá rí wọn bí ìbejì. Ẹ ṣọ́ra fún ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fi ínǹṣì gé: gíà ẹléyín 16 kan náà lè fẹ̀ tó 9.5, ìṣirò á sì gbé 0.53 jáde. Bí ẹ bá ti 0.5 bọ ibẹ̀, á yí lóòótọ́, á máa pariwo, á sì jẹ ara rẹ̀ kó tó di ọdún. Ìṣirò yìí wà fún gíà tí eyín rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Tí eyín bá dagun, bíi ti èyí tó ń bá gíà onísúkúrú ṣiṣẹ́, ìbú rẹ̀ máa ń tan èèyàn.

Yíyọ ẹsẹ̀, àti àṣìṣe tí mo ṣe

Kí ẹ tó lè yọ gíà, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kúrò lára ọ̀pá. Òòlù kọ́ o. Púláyà kọ́. Mo máa ń la ẹnu fáìsì díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè jókòó lé e ní ẹ̀yìn, ọ̀pá á wà láàárín, màá fi ìṣó tí mo ti fá ẹnu rẹ̀ kó tẹ́jú ti orí ọ̀pá náà sísàlẹ̀ ní tààrà. Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí iye yẹn gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sí. Lára èyí tó jẹ́ ti òde òní, 14.5 ló sábà máa ń jẹ́. Ti àtijọ́ kéré sí i.

Àwòṣe ọkọ̀ elééfín tún ní èèwọ̀ kan sí i. Ihò tí ọ̀pá pẹlẹbẹ ń so mọ́ lára ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í kọjú síbi kan náà pẹ̀lú ti òsì. Bí ti ọ̀tún bá wà lókè bí aago méjìlá, ti òsì á wà ní aago mẹ́ta tàbí mẹ́sàn-án. Gbogbo ọ̀pá ẹsẹ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jọ ara wọn nínú èyí. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ yà, àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ á máa fa ara wọn, ọkọ̀ á máa há ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó yọ ẹsẹ̀, ẹ fi abẹ fa ìlà kan tó gba orí ọ̀pá kọjá sára ẹsẹ̀, kí ẹ kun ún ní kútẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ìlà á padà bá ìlà.

Ti Àlhájà ni mo ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí mo fọ gíà rẹ̀ tán, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan eyín ti jẹ títí ó fi mú bí abẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ń dán bí tuntun. Ogójì ọdún, iwájú nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ. Mo rò ó nínú ara mi pé bí mo bá yí gíà yìí padà, kí ọ̀tún rẹ̀ di òsì, ojú eyín tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí láá wá máa ṣiṣẹ́. Èrò yẹn dáa. Àmọ́ ọ̀lẹ mú mi. Dípò kí n yọ gíà, mo yí odindi ọ̀pá náà padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, mo ní ó parí.

Mo so ó mọ́ bátìrì. Gílóòbù tàn gbòò.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló rí i. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi ike dí lọ́nà iná." Òótọ́ ni. Lára irú ọkọ̀ yìí, irin ìdí ọkọ̀ máa ń gbé iná ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ni ike ń bẹ nínú rẹ̀ kí iná má baà ti ibẹ̀ wọ irin. Èmi ti gbé ẹsẹ̀ tí kò ní ike sí ibi tó yẹ kí onike wà, mo fún iná láyè láti pàdé.  Bí kì í bá ṣe gílóòbù ọ̀kadà, wáyà inú mótò ni ì bá jó.

Mo tún un ṣe bó ṣe yẹ: mo yọ ẹsẹ̀ kan, mo fa gíà nìkan jáde, mo yí òun nìkan padà, mo dá ẹsẹ̀ sí ojú ìlà. Ọgbọ́n yìí lè fún gíà tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ẹ̀mí mìíràn láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì dáadáa kí ẹ tó ṣe é. Bí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ náà lọ síwá lọ sẹ́yìn, ojú méjèèjì á ti jẹ.

Kí gíà méjì gbọ́ ara wọn yé

Ìdí kejì tí ti Àlhájà kò fi lọ ni pé súkúrú kan ṣoṣo tó di mótò mú ti tú díẹ̀, mótò ti gbé ìdí sókè, gíà onísúkúrú ò dé ọ̀dọ̀ èkejì mọ́. Bí ẹ bá dè é le jù, wọ́n á fún ara wọn lọ́rùn, gílóòbù á sì sọ fún yín. Bí ẹ bá dè é sílẹ̀ jù, wọ́n á máa fo ara wọn. Bébà rísíìtì POS ni mo ń lò. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi sáàárín gíà méjèèjì, mo ti mótò wálẹ̀ títí ó fi di bébà mú, mo dè é, mo wá yí ẹnu mótò kí bébà lè jáde. Àyè tí bébà fi sílẹ̀ yẹn tó.

Ẹ tún di ẹnu mótò mú, kí ẹ fà á síwá, kí ẹ tì í sẹ́yìn. Bó bá ń rìn ju sísanra èékánná lọ, ọkọ̀ á máa ta gìrì nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ tàbí tó bá yí padà lọ sẹ́yìn. Wáṣà kékeré tí mo gé lára ike ìgò omi, tí mo lu ihò sí láàárín, ni mo máa ń fi dí àyè yẹn. Kó kù díẹ̀ kó máa rìn. Bí ẹ bá dí i pa, á há.

Bó bá wá jẹ́ mótò lóòótọ́

Ẹ fi òwú tí a fi ń nu etí àti sípíríìtì nu ojú bàbà tí kábọ́ọ̀nù, ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mótò, ń ha. Ìlà mẹ́ta wà láàárín bàbà yẹn lára púpọ̀ nínú wọn, dúdú á ti kún ibẹ̀. Igi ìtayín ni kí ẹ fi yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Sáńpéépà dúdú tí àwọn mẹ́káníìkì ń lò kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó ti kúrú tí sípíríńgì rẹ̀ ò lè tì í dé bàbà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lára mótò Tri-ang, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, tí wọ́n ń pè ní X04, sípíríńgì kan ṣoṣo ló ń ti kábọ́ọ̀nù méjèèjì, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan. Bí ike yẹn bá bọ́ sílẹ̀ tí ẹ ò rí i, iná á pàdé. Ẹ má sì yọ òòfà rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ wo nǹkan. Òòfà àtijọ́ wọ̀nyẹn, bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò láàárín irin tó dì wọ́n mú, agbára wọn á dín kù lójú ẹsẹ̀, mótò á sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá di dandan, ẹ fi irin mìíràn dí i lẹ́nu kí ẹ tó fà á jáde.

Rọ́bà àti òróró

Àwọn ọkọ̀ kan ní òrùka rọ́bà lára ẹsẹ̀ kan tàbí méjì, kí wọ́n má baà máa yọ̀ lórí irin. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le, á sán, tàbí kó na kó máa jáde lójú ẹsẹ̀. Nígbà náà ẹsẹ̀ á máa yí lójú kan bí ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀. Ẹ ha inú kòtò rẹ̀ mọ́, ẹ wọn ìbú kòtò náà, ẹ ra òrùka tó kéré sí i díẹ̀. Mo ti gé ọrùn bàlúùnù ọmọdé fi ṣe é rí. Ọ̀sẹ̀ kan ni.

Òróró ni àwọn èèyàn ti ń ṣàṣejù. Wọ́n á ní ó gbẹ, wọ́n á da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lé e. Ẹnì kan tiẹ̀ fi àdín sí i. Ọ̀rá tó bá kún ẹsẹ̀ á dé ojú irin, á gba kábọ́ọ̀nù, á kó eruku jọ, iná ò ní kọjá mọ́. Ẹ ki orí abẹ́rẹ́ bọ inú òróró tí kì í jẹ ike, ohun tó bá rọ̀ mọ́ orí abẹ́rẹ́ yẹn ni ìwọ̀n ibi kan: ẹnu ọ̀pá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí àti ẹnu mótò. Gíríìsì funfun díẹ̀ fún gíà onísúkúrú, tó bí hóró kan nínú ata. Ó tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó sáré fún ìdajì wákàtí sí iwájú, ìdajì wákàtí sí ẹ̀yìn, kí iná má pọ̀, kí ẹ máa fọwọ́ kan mótò. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kó má jó ọwọ́.

Àlhájà wá gba tiwọn lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Mo ti to irin yípo sórí tábìlì, mo ti gbé gbogbo aago kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ náà gbéra, fàkà-fíkì, fàkà-fíkì, gílóòbù ọ̀kadà ń pọ́n fẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé kí ọmọ máa jẹ́ kó lọ sẹ́yìn náà, kí eyín gíà má baà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Mo fẹ́ yọ wáyà kí n lè dì í fún wọn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kó tún yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i."